Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Kẹta: Ohun Tí A Dè, Ohun Tí A Kò Tíì Dè

Kàbbà, ìdajì oṣù Bélú

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tuntun ti wọlé. Àwọn ìyá ẹlẹ́gàrí kan ní agbègbè Ìyàrà, mọ́kànlélógún ni wọ́n, ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn rin ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá ló ń san owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò sì san án: àkọ́kọ́ nígbà tí mo bá kọ ètò iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí férémù àti ẹ́ńjìnì bá ti dúró, ìyókù nígbà tí àwọn ìyá bá fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, nítorí ẹ̀rọ méjì tí mo ṣe ṣáájú èyí kọ́ mi lọ́gbọ́n tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún fi owó ara rẹ̀ rà.

Ẹ̀rọ kìíní, mo ṣètò rẹ̀ dáadáa. Mo yà á sórí ìwé, mo wọn gbogbo ibi tó yẹ ká wọ̀n, mo gé irin, mo jó o pọ̀, mo kùn ún. Ọjọ́ tí mo dá gan-an ni mo gbé e dé. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti bá a, wọ́n ti to igi ìdáná lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ ga tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wá gbọ́dọ̀ gbé e dé èjìká kó tó lè dà á sínú. Ìwé mi kò ní àṣìṣe kankan nínú, àmọ́ mi ò bi obìnrin kankan léèrè bí apá rẹ̀ ṣe rí lálẹ́ lẹ́yìn tó ti gbé agbọ̀n ogún.

Ẹ̀rọ kejì, mo yí ọwọ́ padà. Mo ti gbọ́ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní agile, pé kéèyàn má fi gbogbo ètò rọ̀ mọ́ ìwé, kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e han ẹni tó ni ín, kó sì máa tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí ìlù tó ń rin ẹ̀gẹ́ gùn sí i. Ṣáfùtù, irin gbọọrọ tó ń gbé ìlù yí, tí mo ti rà, tí mo ti san owó kí wọ́n fá a, kò tó mọ́. Mo ra òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ní ẹ́ńjìnì á dára jù lápá òsì. Mo gé férémù, mo tún un jó. Irin tí iná ti jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í tọ́ mọ́. Owó tán kí iṣẹ́ tó parí, àpò ara mi ni mo fi parí rẹ̀.

Èyí tí mo fi ètò dè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rí ẹni lò ó. Èyí tí mi ò dè rárá jẹ owó mi. Ẹ̀kẹta yìí, mo fẹ́ mọ èwo ni kí n dè, èwo ni kí n fi sílẹ̀, àti títí di ìgbà wo.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà

Mo fi ẹfun pín ògiri ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ohun tí a ó dè, ọwọ́ òsì ni ohun tí a kò tíì dè. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi àgbà jókòó, à ń pe ẹ̀yà ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń bi í lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Tá a bá yí èyí padà lóṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ló máa bà jẹ́?" Tó bá jẹ́ pákó tàbí iṣẹ́ wákàtí méjì, òsì ló lọ. Tó bá jẹ́ irin tí a ti fi owó rà, tí a ti gé, tí nǹkan mìíràn sì ti gbára lé, ọ̀tún ni.

Ẹ́ńjìnì lọ sí ọ̀tún: elépò bẹntiróòlù ni, agbára rẹ̀ jẹ́ 6.5 HP (agbára ẹṣin), ó sì ń yí tó ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan tó bá ń sáré dé òpin. Ṣáfùtù 30 mìlímítà, àti béárìn, ohun tí ṣáfùtù ń yí nínú rẹ̀, oríṣi UCP206, nítorí pé mìlímítà 30 gẹ́lẹ́ ni ihò rẹ̀. Púlì, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà lórí rẹ̀, 75 mìlímítà lórí ẹ́ńjìnì, 225 lórí ìlù; ìdá mẹ́ta ni èyí bù eré ẹ́ńjìnì sí, ìlù yóò sì máa yí ní nǹkan bí 1,200. Irin áńgù oní-mìlímítà 50 fún férémù, tó nípọn tó mìlímítà 5. Lápá òsì la kọ bí ẹnu ẹ̀rọ yóò ṣe ga tó sí, ibi tí yóò kọjú sí, bí eyín ìlù yóò ṣe jìnnà síra, ibi tí ẹ̀gẹ́ rínrin yóò gbà jáde, àti bí wọn yóò ṣe máa tú u láti fọ̀ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló dá wa dúró: gígùn ìlù. Òun ló bà mí lówó jẹ́ lórí ẹ̀rọ kejì. Tí a bá dè é lónìí, a ti dè é láìtíì béèrè. Tí a kò bá dè é, a ò lè ra ṣáfùtù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká kọ ọ́ sórí ìlà àárín, ká sì kọ ọjọ́ sí iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an. A kọ ọ́ báyìí: "Gígùn ìlù. A ó dè é ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀pẹ, ṣáájú ṣáfùtù." Bí a ṣe kọ ọ́ tán, a padà sí gbogbo ohun tó wà lápá òsì, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn lójú mi ti là. Àtẹ Gantt tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí ló ń fi hàn. Èyí tí a kọ sí ògiri ń fi ọjọ́ tí a kò ní lè yí ọkàn padà mọ́ hàn. Mo lọ sọ fún àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Ẹ̀yin màmá mi, títí di ọjọ́ yìí, bó bá ṣe wù yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Tó bá ti kọjá, ó ti di ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn la ó sì wá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ agile ti wá, ní ṣókí

Àbúrò mi kan tó ń kọ sọ́fítíwia ní Ìlọrin ló kọ́kọ́ là á yé mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì làwọn ń ka iṣẹ́, ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí oníbàárà lè tẹ̀ wò. Mo bi í pé, ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni kí n gbé han àwọn ìyá ẹlẹ́gàrí, ṣé ṣáfùtù tó dá wà? Kò rí èsì fún mi, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tó kọ ìlà kan tí kò dáa lè pa á rẹ́ kó tún un kọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Irin kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo rí sì yà mí lẹ́nu. Òótọ́ ni pé ọdún 2001 ni àwọn mẹ́tàdínlógún kan pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ àdéhùn agile sílẹ̀ fún àwọn oní-sọ́fítíwia. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ scrum, orúkọ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe agile, ti wà ṣáájú wọn. Ní ọdún 1986, Takeuchi àti Nonaka, ọ̀mọ̀wé méjì ará Japan, ló mú un láti inú eré rugby, wọ́n sì fi ṣàlàyé bí Honda ṣe ṣe mọ́tò, bí Canon ṣe ṣe kámẹ́rà, àti bí Fuji-Xerox ṣe ṣe ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ. Irin àti dígí ni gbogbo wọn! Lọ́dọ̀ àwa tó ń ṣe ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbéra. Robert Cooper, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tó kọ́ ayé láti máa pín iṣẹ́ sí ìpele tó ní ẹnubodè láàárín wọn, ibi tí a ti ń pinnu bóyá kí iṣẹ́ tẹ̀síwájú, òun náà ti wá ń kọ̀wé nígbẹ̀yìn nípa bí a ṣe lè máa ṣe agile láàárín ẹnubodè kan sí èkejì. Nítorí náà ohun tí mò ń ṣe ní Kàbbà yìí kì í ṣe ohun tí mo kàn hùmọ̀.

Oṣù Ọ̀pẹ, Ẹtì àkọ́kọ́: kátọ́ọ̀nù

Mo gbé kátọ́ọ̀nù fíríìjì méjì, pákó, okùn àti agolo ọ̀dà ńlá kan lọ sí abẹ́ àtíbàbà àwọn ìyá. Mo ní a fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ náà níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Agolo ọ̀dà ni mo fi ṣe ìlù. Kí n tó so ó mọ́ ibi tí yóò wà, mo po ẹfun mọ́ omi, mo fi kùn ún yíká. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ lè dé, mi ò sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbà pé òun ń ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga ẹnu ẹ̀rọ láti òkè nígbà tí màmá alága dìde, tó gbé báàfù rẹ̀ wá, tó gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

"Ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Tí báàfù ò bá wọlé sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ a máa dà sílẹ̀."

Sẹ̀ǹtímítà 35 ni báàfù náà ga. A fi mẹ́tàlá lé e kí ó lè ṣeé fà jáde nígbà tó bá kún. Ìlù wá bẹ̀rẹ̀ ní 48, ṣáfùtù bọ́ sí 58, orí ìlù dé 68. Gbogbo ìṣirò tí mo fi òru ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, báàfù yẹn tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Gíga ṣáfùtù wá kúrò lápá òsì lọ́jọ́ náà, ó di ohun tí a dè, nítorí ibẹ̀ ni ìjókòó ẹ́ńjìnì àti bẹ́líìtì yóò ti gba ìwọ̀n tiwọn.

Wọ́n ní kí ẹnu ẹ̀rọ wà ní sẹ̀ǹtímítà 90, kó sì lọ tààrà sísàlẹ̀. Mo gé kátọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sínú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ ń ké. Ẹ̀gẹ́ kan dábùú ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti tì í, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, kò tilẹ̀ wò ó. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, ẹfun wà ní orí ìka rẹ̀ mẹ́ta.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó tún wò ó. Màmá alága di ọwọ́ náà mú, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹfun náà kúrò ní ìka kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ẹfun kọ ohun tuntun kan sí ìbẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún: "Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ìlù." Mi ò kọ ọjọ́ kankan sí iwájú rẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ tí èyí ṣeé yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣọ́ra níbí gan-an. Àwọn tó ń kọ́ni ní agile máa ń sọ pé ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni kó ṣáájú. Àwọn ìyá wọ̀nyí fẹ́ ẹnu kúkúrú tó lọ tààrà, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é fún wọn láéláé.

Ẹtì kejì àti ìkẹta

A dagun ẹnu ẹ̀rọ. Ó wá dà bí ọ̀nà omi òrùlé tó ń ṣàn lọ bá ìlù láti ẹ̀gbẹ́, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 50, a sì fi páànù bo orí ìdajì tó sún mọ́ ìlù kí èjìká má lè tẹ̀ lé ọwọ́ wọlé. Kátọ́ọ̀nù tàn wá jẹ díẹ̀ lórí èyí: ẹ̀gẹ́ tútù kò yọ̀ lórí rẹ̀ rárá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé a ti kùnà. Ìgbà tí mo tẹ́ àjákù páànù sínú rẹ̀ ni mo tó rí òótọ́. Nígbà tí ìdagun rẹ̀ jẹ́ dígírì 30, ẹ̀gẹ́ jókòó. Ní 35, àwọn kan lọ, àwọn kan dúró. Ní 40, gbogbo wọn yọ̀ lọ láìsí pé a tì wọ́n. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn jù nínú wọn na ọwọ́ títí, ẹfun kò kàn án. Ìbú ọwọ́ kan ṣì kù. A gbẹ́ igi kan fún títì, a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn kí ó má sọnù.

Ṣùgbọ́n ìdagun yẹn gbé ẹnu ẹ̀rọ lọ sí mítà kan. Wọ́n ní ó ga jù, òótọ́ sì ni. Mo to pákó sílẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń dúró sí, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, mo ní kí wọ́n gun un. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan gun pákó náà, wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n dà á. Wọ́n ní kó fẹ̀ sí i kí ẹni méjì lè dúró. A mú un fẹ̀.

Gígùn ìlù? Ọjọ́ karùn-ún pé, sẹ̀ǹtímítà 30 ni wọ́n fẹnu kò sí, mo dè é, mo ra ṣáfùtù. Kò gba wákàtí kan.

Ọdún Kérésì

Àwọn ọmọ ìlú wálé láti Àbújá fún ọdún, wọ́n sì ní kí n wá fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn wọ́n. Wọ́n bá kátọ́ọ̀nù lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wọn wò ó, ó wò mí, ó ní: "Ṣé owó tí a fi ránṣẹ́ nìyí?"

Ó dùn mí, àmọ́ mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Nínú ètò tí mo kọ fún wọn, mo kọ ríra irin, gígé irin, jíjó irin, mi ò kọ ibì kankan pé a óò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ẹ̀rọ kátọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń fowó sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò ní ohun mìíràn tó lè dì mú ju ìwé náà lọ. Mo mú rìsíìtì ẹ́ńjìnì, ti ṣáfùtù àti ti béárìn jáde. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé nígbà tí màmá alága pe ọmọbìnrin náà, tó ní kó na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ irin lẹ kọ́kọ́ gbé wá fún wa, ìka mẹ́ta là bá fi san owó rẹ̀."

Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ìròyìn méjì. Ti Àbújá ń lọ ní òpin oṣù, lójú ìwé kan: ẹnubodè tí a wà, ohun tí a ti dè, iye tí a ná, ohun tí ó kàn. Ti àwọn ìyá kì í ṣe ìwé, Ẹtì sí Ẹtì ni, lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Mo sì fi ìlà kan kún ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ètò Àbújá: "ìdánwò ọwọ́", pẹ̀lú iye ọjọ́ tí yóò gbà àti owó tí yóò jẹ. Nígbà tó ti wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó bínú sí i mọ́.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Férémù dúró ní ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò ní púpọ̀ sọ lórí rẹ̀. Ohun tí a ti dè dáadáa kì í ní ìtàn. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ wò: gbogbo ibi tí ohun tí a ti dè ti pàdé ohun tí a kò tíì dè, bóòtù ni mo lò, mi ò jó o. Ihò bóòtù náà sì gùn gbọọrọ, kì í ṣe róbótó. Ìjókòó ẹ́ńjìnì lè sún síwájú sẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 4 kí bẹ́líìtì lè le. Ẹnu ẹ̀rọ lè gòkè sọ̀kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3. Ihò gígùn mẹ́jọ péré, àmọ́ àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n lè sùn lálẹ́.

Owó ẹ̀ẹ̀kejì wọlé. Mo lọ sí Lọ́kọ́ja lọ ra páànù sténlẹ́ẹ̀sì, nítorí omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ń jẹ irin lásán títí ìpẹtà á fi bá gàrí lọ. Oríṣi 304 ni mo béèrè, mo sì mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà fa 304. Bí a ṣe ń bọ̀ láti Ọbajànà lórí ọ̀nà oníkọnkéré tó wọ Kàbbà, tí páànù dì gbọinyin lórí ọkọ̀ tí kò mì, mò ń ronú lórí àwọn tó ṣe ọ̀nà yẹn. Kìlómítà 43 ni. Wọn ò lè da kọnkéré kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ibi tí omi òjò máa gbà. Àwọn náà ti gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọn ò lè yí ọkàn padà mọ́, bóyá ní gbogbo mítà tí wọ́n dà.

Sténlẹ́ẹ̀sì náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò fọwọ́ kàn án. Eyín ìlù kò tíì yanjú.

Eyín ìlù

Awọ ìlù jẹ́ páànù tí a dá lu ihò láti ẹ̀yìn kí etí ihò lè yọ síta bí eyín. Bí ihò ṣe jìnnà síra ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mo gé awọ mẹ́ta láti inú páànù lásán tó ṣẹ́kù, bóòtù ni mo fi mú wọn mọ́ ìlù kí n lè máa pààrọ̀ wọn. Ọ̀kan, eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 8, èkejì 12, ẹ̀kẹta 15. Àwọn ìyá mú ẹ̀gẹ́ wá láti inú oko kan náà, a wọn kìlógíráàmù mẹ́wàá mẹ́wàá fún awọ kọ̀ọ̀kan.

Oní-15 ló yára jù. Mo ti ń yọ̀. Màmá alága bu ìwọ̀nba kan nínú báàfù, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Ó yọ kókó kan jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. "Èyí kò ní fún dáadáa, omi á wà nínú rẹ̀. Tí a bá yan án, inú rẹ̀ á ṣì tutù." Oní-8 kò ní kókó, àmọ́ okùn ẹ̀gẹ́ há sáàárín eyín rẹ̀, nígbà tó fi máa rin kìlógíráàmù mẹ́wàá tán, ojú rẹ̀ ti dán. Oní-12 ni wọ́n mú. Wọ́n tún fún un, wọ́n yan án, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí wọ́n tó gbà fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyẹn gbà, kò sì sí nǹkan kan lórí ìwé mi tó lè bá mi wọn ohun tí ìka méjèèjì yẹn wọ̀n.

Ọjọ́ kejì ni mo gé sténlẹ́ẹ̀sì. Ìṣó kò lè lu ú, ó ń tẹ̀. Mo pọ́n ohun ìlùhò kan láti ara irin sípírìn-ìn mọ́tò àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ mi fi ọjọ́ méjì lu ihò lórí igi, ìlà sí ìlà.

Béárìn

Ní ìdánwò wákàtí kejì, béárìn ọwọ́ òsì gbóná débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ lé e. Mo kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Kí n tó lọ bá ẹni tó tà á jà, mo na òwú gbọ́n-ọ́n lórí ojú púlì méjèèjì. Ó yẹ kí òwú náà kan púlì kọ̀ọ̀kan ní ibi méjì. Ó kan ti ẹ́ńjìnì ní méjì, ó kan ti ìlù ní ẹyọ kan péré. Ní etí kejì, mo lè ki owó bébà bọ abẹ́ rẹ̀. Púlì kò wà lójú ìlà kan náà, bẹ́líìtì sì ń fa ṣáfùtù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo dè é bẹ́ẹ̀. Mo tú bóòtù, mo sún ìjókòó ẹ́ńjìnì nínú ihò gígùn rẹ̀ títí òwú fi kan ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dín líle bẹ́líìtì kù. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, béárìn lọ́wọ́ọ́rọ́ lásán. Ká ní mo ti jó ìjókòó náà mọ́ férémù bíi ti ẹ̀rọ kìíní, ńṣe la ò bá tún gé irin náà.

Oṣù Èrèlé

Ọjọ́ tó le jù lórí gbogbo ètò yìí, kì í ṣe Àbújá ló dá a, kajú ló dá a. Tí kajú bá ti ń jábọ́, gbogbo àwọn ìyá wọ̀nyí á wà nínú oko, kò sí ẹni tí yóò bá mi dán ẹ̀rọ wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ìdajì Èrèlé ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá ń ṣètò Ẹtì sí Ẹtì fún àgbẹ̀, ẹ bi oko léèrè kí ẹ tó bi kàlẹ́ńdà.

A gbé ẹ̀rọ lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àtẹ̀gùn oníkọnkéré ni a ṣe kẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 10 gẹ́lẹ́ bíi pákó, ó sì fẹ̀ tó fún ẹni méjì, torí ó ti ju oṣù kan lọ tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ohun kan ṣẹ́yọ tí a kò dán wò: fífọ̀. Ìbòjú abẹ́ ìlù, bóòtù mẹ́fà ni mo fi dè é. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo rí màmá kan tó kúnlẹ̀, tó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ okùn ẹ̀gẹ́ láti ihò tí kò ju ìka lọ, nítorí kò ní sípánà. Mo wò ó títí. Gbogbo ìdánwò wa, dída ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ la ń wò, kò sí ẹni tó ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú, iṣẹ́ ti tán, ó ku ká fọ̀ ọ́. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kátọ́ọ̀nù. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ṣí: sísàlẹ̀, lórí ìdè ilẹ̀kùn, kí ìkọ́ kan ṣoṣo mú un, àmọ́ kí ìkọ́ náà wà níbi tí bẹ́líìtì á fi bò ó tí ẹ́ńjìnì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ọmọdé má baà ṣí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ọmọbìnrin tí ẹfun kàn lọ́wọ́ ló sọ ọ́.

Mo ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta. Fífọ̀ tó ń gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú bọ́ sí mẹ́wàá. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé Àbújá lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kajú àkọ́kọ́ sì ti wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfúngàrí báyìí, èyí tó máa lo jáàkì. Mo ti fi ẹfun pín ògiri. Apá ọ̀tún ní ohun méjì títí di ìsinsìnyí: "Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ibi tí jáàkì ti ń tẹ̀", àti ìwọ̀n àpò gàrí tí wọ́n ń lò. Màmá alága ló fi àpò náà ránṣẹ́ kí n tó béèrè.